Nígbà Tí Ìdógò Bá Parí: Bí Yunifásítì Amẹ́ríkà Ṣe Ń Ṣí Láti Líìgì Kan sí Òmíràn

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń wo Premier League gbà pé ẹni tí kò bá mọ bọ́ọ̀lù gbá ni líìgì ń já wálẹ̀, wọ́n sì rò pé bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, Washington State na Wisconsin, ọmọ líìgì Big Ten olówó, ní 31 sí 22 nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbé sáré. Lọ́jọ́ tí wọ́n jáwé olúborí yẹn, líìgì tiwọn ti tú. Mẹ́wàá nínú yunifásítì méjìlá inú Pac-12 ti kéde pé àwọn ń lọ. Washington State àti Oregon State nìkan ló ṣẹ́kù.

Ẹ̀tọ́ láti fi ìdíje hàn lórí tẹlifíṣọ̀n ló ń darí ìṣíkiri yìí. Láti ọdún 1984, tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ti gba àṣẹ ẹ̀tọ́ náà kúrò lọ́wọ́ NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá àwọn yunifásítì, olúkúlùkù líìgì ló ń ta tirẹ̀.

Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń fi oko kòkó dógò ti mọ ìyókù. Àgbẹ̀ tó fi oko rẹ̀ dógò lè kó lọ sí Èkó bó bá wù ú, ṣùgbọ́n oko kò ní bá a lọ. Ẹni tó gba ìdógò ni yóò máa ká kòkó títí àkókò yóò fi pé. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ń pè ní grant of rights. Yunifásítì á fọwọ́ sí i pé líìgì ni yóò máa ta ìdíje tí òun bá gbà lálejò, fún iye ọdún tí wọ́n bá dá. Bó bá jáde kí ọdún náà tó pé, ìdíje rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ líìgì tó fi sílẹ̀. Ta ni yóò gba àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn?

Ọgbọ́n ńlá wà níbẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Ara wọn ni wọ́n fi oko dógò fún, kí ẹnikẹ́ni má bàa sá lọ, kí oníbàárà, ìyẹn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, lè rí oko méjìlá lọ́wọ́ kan ṣoṣo, kó sì sanwó gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ so ń gba iye kan náà pẹ̀lú ẹni tí tirẹ̀ ń so wọ̀ǹtìwọnti. Ní 2011 ni Pac-12 ta tirẹ̀ fún ọdún 12, ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 3 dọ́là.

Ṣùgbọ́n ìdógò ní ọjọ́ tó ń parí, àárín ọdún 2024 sì ni ti Pac-12. Kí ọjọ́ náà tó pé ni oníbàárà ti ń yan oko tó wù ú. USC àti UCLA, yunifásítì méjì nínú Pac-12, wà ní Los Angeles, ìlú tó ṣe ìkejì nínú ọjà tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2022 ni wọ́n kéde pé Big Ten làwọn ń lọ. Nígbà tó di oṣù kẹjọ, Big Ten ti bá Fox, CBS àti NBC ṣe àdéhùn ọdún 7 tó lé ní bílíọ̀nù 7 dọ́là. Pullman ni Washington State wà, ìlú kékeré kan láàárín oko àlìkámà. Mélòó ni tẹlifíṣọ̀n ibẹ̀?

Ẹ wo ACC, líìgì mìíràn, ní ìdàkejì. Ọdún 2036 ni ìdógò tiwọn yóò parí, ìdí nìyẹn tí Florida State àti Clemson fi gbé líìgì tiwọn fúnra wọn lọ sílé ẹjọ́, kí wọ́n tó parí rẹ̀ nítùbí-ìnùbí ní 2025. Àwọn ará Pac-12 kò nílò agbẹjọ́rò láti lọ. Wọ́n kàn dúró de ọjọ́ ni. Àléébù ètò náà nìyí: ìwé yẹn nìkan ló ń dáàbò bo ẹni kékeré, ọjọ́ tó bá sì parí, kò sí ẹnikẹ́ni nínú gbogbo ètò náà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti béèrè ibi tí ẹni kékeré yóò wọ̀.

Ẹni tí wọ́n tì á wá ti ẹlòmíràn. Àwọn méjì tó ṣẹ́kù ní Pac-12 fa Boise State, San Diego State àti àwọn mìíràn kúrò nínú líìgì Mountain West. Mountain West fa yunifásítì UTEP kúrò nínú líìgì Conference USA. Conference USA ní tirẹ̀ ti lọ mú Delaware àti Missouri State láti ìpele ìsàlẹ̀ ṣáájú ìgbà náà. Ìpele ìsàlẹ̀ yẹn náà ni University of Idaho wà, ní ìlú Moscow ti Amẹ́ríkà, tí kò ju kìlómítà 13 sí Pullman. Sun Belt, líìgì tí wọ́n wà nígbà náà, ló sọ fún wọn ní 2016 pé àwọn kò ní tún àdéhùn wọn ṣe, nígbà tó sì di 2018 wọ́n já wálẹ̀. Aládùúgbò méjì, ọdún mẹ́fà péré ló wà láàárín ohun tó ṣe wọ́n.

Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ni tẹlifíṣọ̀n ń rà, ṣùgbọ́n gbogbo eré ìdárayá tó kù ló ń san án. Àwọn ọmọbìnrin tó ń gbá softball, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi igi gbá, ní Los Angeles ń wọ ọkọ̀ òfúrufú lọ sí àwọn ìpínlẹ̀ tó jìnnà réré báyìí láti lọ ṣe ìdíje líìgì, kí wọ́n sì tún padà wá jókòó ní kíláàsì. Ní Pullman, tí owó tẹlifíṣọ̀n ti wálẹ̀, wọ́n kéde ní 2025 pé kò sí fífò àti jíjù mọ́ nínú ẹgbẹ́ eléré ìje, àti pé àwọn yóò dín eré kúkúrú kù. Eré ọ̀nà jíjìn ni wọ́n wá gbájú mọ́, irú èyí tí Henry Rono ará Kenya ń sá nígbà tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ ní 1978, ọdún tó fọ́ àkọsílẹ̀ àgbáyé mẹ́rin láàárín ọjọ́ 81.