Ẹ̀jẹ̀ Tí A Ń Gbà Lọ́rùn Ọwọ́

"Nọ́ọ̀sì, èyí tẹ́ ẹ gbà lápá mi lẹ́ẹ̀kan ńkọ́?" Tá a bá fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ lọ́rùn ọwọ́, ìbéèrè yìí kì í tán lẹ́nu àwọn ìyá wa tó ń yan ẹja ní Ẹ̀pẹ́, àwọn tí èéfín ọdún gbọọrọ ti bá ẹ̀dọ̀fóró wọn jà. Wọn ò jẹ̀bi. Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ tá a fà lápá ń padà bọ̀ ni. Ara ti gba ọ́síjìn lára rẹ̀. Èyí tó ń lù kì kì kì lọ́rùn ọwọ́, ọkàn ṣẹ̀ṣẹ̀ tì í jáde ni, ó sì ti ẹ̀dọ̀fóró bọ̀. Òun ló lè jẹ́rìí iṣẹ́ tí ẹ̀dọ̀fóró ṣe. ABG (arterial blood gas, àyẹ̀wò afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀) là ń pe àyẹ̀wò náà.

Ó máa ń dunni ju ti apá lọ, mi ò ní purọ́. Tá a bá yọ abẹ́rẹ́, a ó tẹ ojú ibẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5 ó kéré tán. Ẹni tó bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kẹ́jẹ̀ dì, kó tètè sọ. Bẹ́ ẹ bá sì rí wa tá à ń sáré gbé síríńjì lọ, ẹ má bínú: ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ ò tíì kú, ó ṣì ń jẹ ọ́síjìn tá a fẹ́ wọ̀n.

Nínú èsì rẹ̀, pH ń sọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe kan tó, bí ọsàn wẹ́wẹ́ ṣe máa ń kan. Tó bá lọ sílẹ̀ ju 7.35 lọ, ó ti kan nìyẹn. Nígbà míì, ìtọ̀ ṣúgà ló fà á: aláìsàn á máa mí jinlẹ̀jinlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ò ní nǹkan kan.

Carbon dioxide, afẹ́fẹ́ tá à ń mí síta, ló máa ń tan ẹbí jẹ jù. Iye rẹ̀ tó dáa nínú ẹ̀jẹ̀ jẹ́ 35 sí 45 mmHg. Ká ní ikọ́ fée ti ń mú ọmọ kan mí hẹlẹhẹlẹ láti òru, ó yẹ kí tirẹ̀ ti lọ sílẹ̀ ju 35 lọ, torí ó ń fẹ́ ẹ dànù lemọ́lemọ́. Ká wá bá 40. Bàbá á ní, "Ọlọ́run ṣeun, ó wà láàárín." Àyà tèmi á já. Ó ti ń rẹ ọmọ náà. Kò rí agbára fẹ́ ẹ dànù mọ́. Ẹ̀rọ kékeré tá a fi há a níka láti wọn ọ́síjìn sì lè máa gbé 97% jáde lójú wa, nítorí a ti fún un lọ́síjìn.

Nítorí náà, bí ariwo èémí ọmọ bá ṣàdédé rọlẹ̀, tó wá ń tòògbé, ẹ má fi aṣọ bò ó pé kó sùn. Ẹ ké sí wa.