Nọ́ńbà Ṣáásì: Ohun tí Áàpù Ọkọ̀ Rírà Yẹ Kó Kọ́kọ́ Kà

Ẹni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Kábbà, ní Ìsánlú tàbí ní Ẹ̀gbẹ́ sábà máa ń wá a dé Lọ́kọ́ja tàbí Ìlọrin, bí alágbàtà kò bá ti fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Alágbàtà á ní ọkọ̀ ọdún báyìí ni, Tòkunbọ̀ gidi ni, olùrà kò sì ní ohun tí yóò fi yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Bí ọ̀dọ́ ilẹ̀ Okun kan bá fẹ́ ṣe áàpù tí yóò mú ìnira yìí fúyẹ́, èrò tèmi ni pé kó má fi iye owó tàbí fọ́tò bẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà ṣáásì, èyí tí àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ń pè ní VIN, ni kó fi bẹ̀rẹ̀.

Àmì mẹ́tàdínlógún ni nọ́ńbà yìí, lẹ́tà àti nọ́ńbà pọ̀, tí ilé iṣẹ́ fi ń dá ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan mọ̀. Láti orí àwọn ọkọ̀ ọdún 1981 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan pé kó pé mẹ́tàdínlógún. Lẹ́tà I, O àti Q kì í sí nínú rẹ̀, kí a má baà ṣì wọ́n kà sí 1 tàbí 0. A máa ń rí i lábẹ́ gíláàsì iwájú lápá ọ̀dọ̀ awakọ̀, a sì tún máa ń rí i lórí sítíkà tó wà létí ilẹ̀kùn rẹ̀.

Àmì àkọ́kọ́ máa ń tọ́ka sí orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ṣe ọkọ̀ náà: J ni Japan, W ni Jámánì, 2 ni Kánádà, 1, 4 àti 5 sì ni Amẹ́ríkà. Ìdí nìyí tí Toyota Camry tí nọ́ńbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí 4T1 fi jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà. Àmì kẹwàá ló ń sọ ọdún ọkọ̀: 7 dúró fún 2007, A fún 2010, B fún 2011. Bí alágbàtà bá ní ti 2011 ni, tí àmì kẹwàá sì jẹ́ 8, ti 2008 ni. Òfin Amẹ́ríkà lèyí ṣá o; àwọn ọkọ̀ kan tí wọ́n ṣe fún ọjà Yúróòpù kì í tẹ̀ lé e, áàpù tó bá sì pàdé irú wọn gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀, kò gbọdọ̀ méfò.

Àmì kẹsàn-án ló wù mí jù. Lórí ọkọ̀ tó bá tẹ̀ lé òfin Amẹ́ríkà, òun ni a fi ń mọ̀ bóyá wọ́n kọ àwọn yòókù bó ṣe yẹ. Áàpù yóò fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní iye kan, yóò fi nọ́ńbà tí òfin yàn fún ipò kọ̀ọ̀kan sọ iye àmì tó wà níbẹ̀ di ìlọ́po, yóò ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, yóò sì fi 11 pín in. Ohun tó bá ṣẹ́ kù gbọ́dọ̀ bá àmì kẹsàn-án mu. Bó bá ṣẹ́ ku 10, X ni a ó rí níbẹ̀. Fóònù lásán lè ṣe ìṣirò yìí láìsí íntánẹ́ẹ̀tì rárá, èyí sì ṣe pàtàkì fún àwa tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń lọ tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi 1 mẹ́tàdínlógún dán an wò: àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 89, 11 wọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹjọ, ó sì ṣẹ́ ku 1, nítorí náà ó yege, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ gidi kan kì í jẹ́ bẹ́ẹ̀. Áàpù kò gbọdọ̀ tìtorí pé nọ́ńbà yege kó kọ ọ́ síwájú olùrà pé ọkọ̀ náà dára. Àṣìkọ ni ìṣirò yìí ń mú. Kò lè mú olè tó da nọ́ńbà ọkọ̀ mìíràn kọ.

Nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá wà, áàpù lè bi àkójọ ìsọfúnni NHTSA, àjọ ààbò ojú pópó Amẹ́ríkà, léèrè lọ́fẹ̀ẹ́, yóò sì gba orúkọ ọkọ̀, irú ẹ́ńjìnnì àti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti tò ó. Nọ́ńbà ṣáásì nìkan ló nílò láti fi ránṣẹ́. Kò sí ìdí tí yóò fi gba orúkọ tàbí àdírẹ́sì olùrà.

Èyí tó kù wà lọ́wọ́ ìwé. Láti oṣù kìíní ọdún 2017 ni ìjọba Nàìjíríà ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé, nítorí náà èyí tó gba inú igbó wọlé láti Kútọnu lè má ní ìwé Kọ́sítọ́ọ̀mù tòótọ́. Kí áàpù ní kí olùrà ya fọ́tò nọ́ńbà abẹ́ gíláàsì, ti etí ilẹ̀kùn àti ti orí ìwé Kọ́sítọ́ọ̀mù, kó fi àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wéra, bí àmì kan ṣoṣo bá sì yàtọ̀, kó sọ fún un ní Yorùbá tó yéni pé kó má tíì sanwó. Ariwo ẹ́ńjìnnì àti bí gíà ṣe ń wọlé kò sí nínú nọ́ńbà kankan. Mẹkáníìkì tí olùrà fúnra rẹ̀ mú lọ ni yóò yẹ ìyẹn wò.