Àyẹ̀wò ìtají: ìdí tí kọ̀ǹpútà ilé fi ń dúró kí ó tó ṣí

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Ouando, níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ránṣẹ́ pè mí pé kọ̀ǹpútà òun ti fẹ́ kú. Nígbà tí mo débẹ̀ tí a tan án, orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é jáde, ó sì dúró síbẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 2 kí ó tó máa bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò rí i báyìí? Òmíràn ni mo fẹ́ rà.” Mo ní kó ṣe sùúrù. Kí ènìyàn tó náwó nítorí irú ìdúró bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí ó mọ ohun tí à ń pè ní POST.

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, Power-On Self-Test, ni wọ́n gé kúrú sí POST. Àyẹ̀wò tí ẹ̀rọ máa ń ṣe fún ara rẹ̀ ni, ní kété tí iná bá ti wọ inú rẹ̀. Èmi máa ń pè é ní àyẹ̀wò ìtají. Windows kò tíì jí rárá ní àkókò yìí. Ètò kékeré kan tó ń gbé inú ṣíìpù lórí pátákó ńlá inú ẹ̀rọ ló ń ṣe é, èyí tí à ń pè ní BIOS nínú kọ̀ǹpútà PC tí IBM gbé jáde ní 1981, tí irú rẹ̀ ti òde òní sì ń jẹ́ UEFI. Ẹ fojú inú wo ìyá tó jí ní ìdájí, tó ń pe àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè múra ilé ìwé: ó pe àkọ́bí, ó dáhùn, ó pe èkejì, ó dáhùn, ó pe ẹ̀kẹta, kò gbọ́ ohùn, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó tún pè é. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ètò yìí ń pe ọpọlọ ẹ̀rọ, RAM (pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ̀rọ fi ń rántí iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́), kíbọ́ọ̀dù àti díísìkì. Bí kọ̀ǹpútà bá dúró, ẹnìkan ni wọ́n pè tí kò tètè jẹ́, ibi tí ó sì dúró sí ni yóò jẹ́ ká mọ ẹni náà.

Bí ojú ẹ̀rọ bá dúdú kanlẹ̀ tí fáànù sì ń yí, RAM ni mo kọ́kọ́ máa ń fura sí, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí eruku ń wọ gbogbo ihò. Àwọn ẹ̀rọ kan máa ń han “píìpù” léraléra. Iye ìgbà tó dún ní ìtumọ̀, àmọ́ ìtumọ̀ náà kì í ṣe ọ̀kan náà lọ́dọ̀ gbogbo ilé-iṣẹ́, nítorí náà ẹ kà á, kí ẹ wá wo ìwé ẹ̀rọ tiyín. Ẹ yọ okùn iná kúrò, ẹ yọ RAM, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu ẹnu rẹ̀, kí ẹ sì tì í padà títí yóò fi jókòó dáadáa.

Bí orúkọ ilé-iṣẹ́ bá ti jáde kí ó tó dúró, bíi ti àbúrò mi, ẹ wo ohun tí ẹ so mọ́ ẹ̀rọ náà. Fíláàṣì, díísìkì ìta, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé: gbogbo wọn ni BIOS lè máa pè. Díísìkì ìta kan tó ti ń ṣàìsàn ni mo rí lẹ́yìn ẹ̀rọ àbúrò mi, ó ti pẹ́ tó ti gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. A yọ ọ́, a tún ẹ̀rọ náà tan, kò sì dúró mọ́. Bí ìdúró kò bá lọ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ gbogbo rẹ̀, ẹ tẹ F2 tàbí Suppr (Delete) nígbà tí ẹ̀rọ bá ń jí, bọ́tìnnì náà sinmi lórí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, kí ẹ lọ fi díísìkì inú ẹ̀rọ ṣáájú nínú ètò tí ẹ̀rọ fi ń wá Windows. Àwọn ẹ̀rọ kan kọ́kọ́ máa ń wá a lórí okùn íńtánẹ́ẹ̀tì, wọn a sì jókòó de ìdáhùn tí kò ní wá.

Bátìrì kékeré inú ẹ̀rọ ni mo fẹ́ kí a fara balẹ̀ sọ, nítorí ó wọ́pọ̀ nílé wa. Ó rí roboto bí owó ẹyọ, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 20, agbára rẹ̀ jẹ́ fóòtì (volt) 3, wọ́n sì kọ CR2032 sí i lórí. Òun ló ń jẹ́ kí aago ẹ̀rọ máa rìn nígbà tí kò sí iná. Nítorí iná tó ń lọ tó ń bọ̀, ọ̀pọ̀ wa ló máa ń yọ okùn lára ògiri ní alaalẹ́. Ó dára, àmọ́ bátìrì náà nìkan ló wá ń ṣiṣẹ́ mọ́jú, ó sì máa ń tètè tán. Bó bá tán, ọjọ́ á padà sí ọdún àtijọ́, ẹ̀rọ á dúró, á gbé gbólóhùn kan jáde pé kí ẹ tẹ F1, àwọn ojúlé íńtánẹ́ẹ̀tì á sì kọ̀ láti ṣí nítorí ọjọ́ tí kò bára mu. Ẹ fi tuntun sí i, kí ojú tó ní àmì àròpọ̀ kọjú sókè, kí ẹ sì tún aago ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ti àtijọ́ sí ibi tí ọmọdé lè mú un: bí ọmọ bá gbé e mì, ó lè jó ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ láàárín wákàtí 2, ilé ìwòsàn ló yẹ kí ẹ gbé e sáré lọ lójú ẹsẹ̀.

Bí Windows bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí kí ó tó dúró, àyẹ̀wò ìtají ti parí nìyẹn. Bí iná bá lọ lójijì lánàá, Windows lè máa yẹ díísìkì wò, á sì máa ka ìdá ọgọ́rùn-ún lójú ẹ̀rọ. Ẹ jẹ́ kó kà á tán. Ẹ tún dán “Redémarrer” (Restart) wò dípò “Arrêter” (Shut down): láti Windows 8, “Arrêter” máa ń fi apá kan Windows pamọ́ sórí díísìkì kí ó lè yára jí lọ́jọ́ kejì, nígbà tí “Redémarrer” ń bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Bí “Redémarrer” bá lọ geere, ẹ pa “Démarrage rapide” (Fast startup) nínú ètò agbára iná. Ti àwọn app tó ń jí pẹ̀lú ẹ̀rọ kò le: ẹ tẹ Ctrl, Maj (Shift) àti Échap (Esc) pọ̀, ẹ wá “Démarrage” (Startup), kí ẹ pa èyí tí ẹ kò nílò.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ tí díísìkì ń han “kà, kà, kà” nígbà tó bá dúró, ẹ má dán nǹkan kan wò mọ́. Ẹ kọ́kọ́ da àwọn fọ́tò àti ìwé yín kọ sórí díísìkì mìíràn, ní ọjọ́ náà gan-an, nígbà tó ṣì ń ṣí.