Kí ló ń ṣe inú àwọn olórin Ìránì?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, mò ń gbọ́ orin kan lédè Farsi, èdè àwọn ará Ìránì, lórí YouTube, ìtumọ̀ tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ ní ọkàn olórin náà ti há. Ṣé àìsàn ọkàn ni?

Ìdáhùn: Rárá o, ara ẹ̀ le koko. Ohun tó ń kọ ni "delam barat tang shode", àárò ẹ ń sọ mí, ó tán. Tang yẹn náà ni wọ́n ń pe bàtà tó fún èèyàn lẹ́sẹ̀. Del ni wọ́n wá máa ń túmọ̀ sí ọkàn, èmi ò gbà, torí tí inú bá ń run ará Ìránì, deldard ló máa pè é, del kan náà nìyẹn, àbí ẹ ò rí i pé "inú" tiwa gan-an ni, èyí tó ń dùn, tó ń bàjẹ́, tó tún ń run tá a bá jẹ ìjẹkújẹ!

Ìbéèrè: "Jat khali" ńkọ́?

Ìdáhùn: Àyè ẹ ṣófo. Tẹ́ ẹ bá lọ jẹun níbì kan tí ọ̀rẹ́ yín ò lè wá, bẹ́ ẹ bá ṣe rí i báyìí lẹ máa sọ ọ́, tẹ̀rín-tẹ̀rín ni. Àmọ́ tí wọ́n bá kọ ọ́ lórin fún ẹni tó ti kú, hmm, omijé á bọ́.

Ìbéèrè: Tanha àti bikas, ṣé ọ̀kan náà ni?

Ìdáhùn: Ó tì o. Tanha ni ẹni tó dá wà, ó lè jẹ́ fún wákàtí kan péré. Bikas ò lẹ́nì kankan láyé, bi ni "láìsí", kas ni "èèyàn". Ghorbat tún wà ńbẹ̀, ìyẹn wíwà nílẹ̀ àjèjì, ó pọ̀ nínú orin àwọn tó sá lọ sí Los Angeles lẹ́yìn ìyípadà ìjọba ọdún 1979.

Ìbéèrè: Ọkùnrin ni wọ́n ń kọrin fún àbí obìnrin?

Ìdáhùn: Kò hàn, torí "u" tiwọn dà bí "ó" tiwa, kò yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹni tó ń túmọ̀ ẹ̀ sí òyìnbó ló máa fipá mú ọ̀kan, àwa kàn máa kọ "ó" ni, ká máa gbọ́ orin wa lọ.