Ojú-ewé tó ń dán bíi gíláàsì: kí ni CSS ń ṣe níbẹ̀?

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ Apple fi ìrísí tuntun kan han aráyé. Liquid Glass ni wọ́n pè é: bọ́tìnì tó dà bíi gíláàsì, tí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń hàn fírífírí. Kò pẹ́ tí àwọn tó ń kọ ojú-òpó ayélujára fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi CSS ṣe irú rẹ̀, ìbéèrè sì pọ̀.

Kí ni CSS?
Èdè tí a fi ń sọ fún búráúsà (ohun tí a fi ń wo ayélujára, bíi Chrome àti Firefox) bí ojú-ewé ṣe máa rí.

Ṣé àwòrán ni gíláàsì yẹn?
Rárá o. Láyé àtijọ́, ẹni tí kò bá fẹ́ kí igun àpótí mú ṣóńṣó ní láti ya igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí àwòrán, kó sì tò wọ́n. Lónìí, àṣẹ CSS ló ń ṣe é: border-radius ló ń ṣe igun, box-shadow ń fi òjìji sí i, linear-gradient sì ń mú àwọ̀ kan yọ́ wọnú òmíràn.

Ti gíláàsì ni backdrop-filter. Bí ẹ bá kọ backdrop-filter: blur(12px), búráúsà á mú ohun tó wà lẹ́yìn àpótí náà, á po àwọ̀ rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti àyíká rẹ̀ títí á fi di bàìbàì. Ṣùgbọ́n àwọ̀ àpótí náà fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ́lẹ́, bíi rgb(255 255 255 / 0.3), ìyẹn funfun tó fẹ́lẹ́. Bí ó bá dí pátápátá, ẹ ò ní rí nǹkan kan, ibẹ̀ ló sì ti ń dojú rú fún ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí. Ẹ rántí pé blur kì í tẹ ìmọ́lẹ̀ bí ti Apple ṣe ń tẹ̀ ẹ́.

Búráúsà àtijọ́ ńkọ́?
Chrome ti mọ backdrop-filter láti 2019, Firefox láti 2022. Èyí tí kò bá mọ̀ ọ́n á kàn fò ó ni. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ fi àwọ̀ tó dí sí àpótí, kí ẹ wá fi gíláàsì sínú @supports, àṣẹ tó ń ṣiṣẹ́ kìkì bí búráúsà bá mọ ohun tí ẹ béèrè.

Ṣé ó ń jẹ bátìrì?
Ó lè jẹ ẹ́, torí fóònù òǹkàwé ló ń ṣe ìṣirò náà, ó sì lè tún un ṣe bí ojú-ewé bá ṣe ń yí. Ẹ fi gíláàsì mọ sí ibì kan tàbí méjì. Bí nǹkan bá máa rìn, ẹ lo transform (tó ń sún nǹkan tàbí yí i) àti opacity (tó ń mú un fẹ́lẹ́ tàbí dí), ẹ má fi box-shadow rìn.

Ṣé ó lè pa èèyàn lára?
Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ yìí kò sì kéré. Ohun tó ń kọ mànà ju ìgbà mẹ́ta lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan lè gbé wárápá dìde. Ohun tó ń fò káàkiri ojú-ewé máa ń mú kí òòyì kọ́ àwọn mìíràn. Gíláàsì sì ní ewu tirẹ̀: ọ̀rọ̀ funfun tó hàn dáadáa lórí àwòrán dúdú á pòórá bí àwòrán funfun bá yí dé ẹ̀yìn rẹ̀. WCAG, ìlànà tó wà kí gbogbo èèyàn, títí kan aláàbọ̀ ara, lè lo ojú-òpó ayélujára, ní kí ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ ọ̀rọ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀ má dín ní 4.5 sí 1 fún ọ̀rọ̀ tí kò tóbi. Ẹ fi àwòrán dúdú àti funfun dán an wò, ẹ má fi ọ̀kan ṣoṣo ṣe é.

Kí ni èmi òǹkàwé lè ṣe?
Lórí iPhone, ẹ tan Reduce Motion (ètò tó ń dín ìrìn ohun ojú fóònù kù) lábẹ́ Accessibility nínú Settings. Ojú-ewé tí wọ́n bá fi àṣẹ CSS tó ń jẹ́ prefers-reduced-motion kọ á dẹwọ́ fífò náà. Bí kò bá dẹwọ́, ẹ kọ̀wé sí àwọn tó ni ín, kí ẹ sì dárúkọ àṣẹ yẹn gan-an fún wọn. Kóòdù rẹ̀ kò ju ìlà díẹ̀ lọ.