Ibi tí nọ́ńbà ẹ̀yìn ìwé ti wá

Ẹ gbé ìwé kan tó wà nítòsí, kí ẹ yí i sẹ́yìn. Níbi àwọn ìlà dúdú tí ẹ̀rọ máa ń kà, ẹyọ nọ́ńbà 13 wà níbẹ̀. ISBN ni wọ́n ń pè é. Bí ó bá jẹ́ pé Nàìjíríà ni ilé-iṣẹ́ tó ṣe é wà, 978 ló máa ṣáájú, 978 mìíràn á tún tẹ̀ lé e. Wọn ò ṣì í tẹ̀ o.

Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tàwé ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Láàárín ọdún 1960 sí 1970, W. H. Smith, ìlúmọ̀ọ́ká ilé-iṣẹ́ ìtàwé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fẹ́ kó iṣẹ́ ilé ìkẹ́rùsí rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà. Bí oníbàárà bá dárúkọ ìwé, ẹni tó ń tà á lè béèrè pé, "Ṣé ti lágbájá ni àbí ti tàmẹ̀dò?" Kọ̀ǹpútà ò lè ṣe bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìwé méjì lè jẹ́ orúkọ kan náà. Gordon Foster, onímọ̀ ìṣirò tó padà di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Trinity College ní Dublin, ló bá wọn gbìmọ̀ nọ́ńbà ẹlẹ́yọ 9. Ọdún 1967 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó.

Ẹyọ tó gbẹ̀yìn ni mo fẹ́ràn jù. Kò sọ ohunkóhun nípa ìwé. Iṣẹ́ ọlọ́dẹ ló ń ṣe. Nígbà tí nọ́ńbà náà di ẹlẹ́yọ 10, wọ́n á sọ ẹyọ àkọ́kọ́ di ìlọ́po 10, èkejì di ìlọ́po 9, títí dé orí ìlọ́po 1. Tí wọ́n bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, 11 gbọ́dọ̀ pín in láìṣẹ́kù. Bí èèyàn bá ṣi ẹyọ kan kọ, tàbí tó gbé ẹyọ kan ṣáájú èkejì rẹ̀, ìṣirò á dàrú, ọlọ́dẹ á sì dá a padà. Nígbà mìíràn, 10 ni ọlọ́dẹ fúnra rẹ̀ máa ń jẹ́, àyè ẹyọ kan ló sì ní. Ìdí nìyẹn tí X fi wà lẹ́yìn àwọn ìwé àtijọ́ kan: 10 àwọn ará Róòmù ni.

Ọdún 1970 ló di ti gbogbo ayé. Òdo ni wọ́n fi ṣáájú ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó lè pé 10. Òdo ò fi nǹkan kan kún ìṣirò, nítorí náà ọlọ́dẹ ò yí padà. Àwọn elédè Faransé gba 2, Jámánì 3, Japan 4. Nàìjíríà gba 978, Ilé-Ìkàwé Àpapọ̀ wa ló sì ń pín in. Ní January 2007, gbogbo rẹ̀ di ẹlẹ́yọ 13, wọ́n sì fi 978, àmì tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ fún ìwé, ṣáájú. Bí tiwa ṣe di méjì nìyẹn.

Àyè 978 ti ń há, 979 sì ti wọlé. 979-8 ni ti Amẹ́ríkà, òun náà ló wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ìwé tí àwọn òǹkọ̀wé ń fúnra wọn gbé jáde lórí Amazon.

Mo ní ìwé oríkì kan nílé tí ẹni tó kọ ọ́ tẹ̀ fúnra rẹ̀, láìgba nọ́ńbà. Ọ̀rẹ́ mi kan ní London fẹ́ rà á. Mo wá ẹ̀dà mìíràn títí, n ò rí. Fótò ojú-ewé rẹ̀ ni mo ń yà ránṣẹ́ sí i, lọ́kọ̀ọ̀kan.