Ohun tí omi ọṣẹ káà wọ́ọ̀ṣì ń ṣe nínú sókàwéè

Fífa omi kò le. Kànga wà, pọ́ǹpù wà, jẹnẹrétọ̀ ń pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, omi ń gun tánkì dúdú lórí òpó irin. Ibi tí omi náà ń gbà lọ lẹ́yìn tó bá fọ mọ́tò tán lọ̀rọ̀ wà. Ibẹ̀ làwọn onílé ti máa ń sọ pé, "Ṣebí omi ọṣẹ ni, kò sáà ní ìgbẹ́ nínú," tí wọ́n á sì ní kí bíríkìlà so páìpù rẹ̀ mọ́ sókàwéè ilé.

Ìgbẹ́ gan-an ni sókàwéè mọ̀ ọ́n jẹ. Nínú kòtò àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́, àwọn kòkòrò àìfojúrí ń jẹ ìdọ̀tí díẹ̀díẹ̀. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á rì sísàlẹ̀, ọ̀rá á léfòó, omi àárín nìkan ló ń kọjá sí kòtò kejì tí ilẹ̀ ti ń fà á mu.

Ẹni tó bá ti sẹ́ ògì rí mọ bó ṣe ń rí. Wọ́n á gbé ike sápá kan di ọjọ́ kejì, ògì á rì, omidùn á tòrò lórí. Ká ní ọmọdé kan wá ń da omi tuntun sí i ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá, rírú ni yóò máa rú. Ẹni tó bá ní òun ń da omidùn nù, ògì ló ń dà nù, owó àgbàdo sì bá gọ́tà lọ. Ọmọdé yẹn ni káà wọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀rọ tó ń fọ́n omi lè lo lítà 10 ní ìṣẹ́jú kan. Bí mọ́tò kan bá gba ìṣẹ́jú 10, mọ́tò 30 lọ́jọ́ Sátidé ti di lítà 3,000, omi tó yẹ kó sùn mọ́jú nínú kòtò.

Ọṣẹ ló tún wá burú jù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó já ọ́ìlì sí wẹ́wẹ́, kó pò ó mọ́ omi, àbí báwo ni gírísì ì bá ṣe kúrò lára táyà? Ọ́ìlì tó yẹ kó léfòó á bá omi tó mọ́ wọ kòtò kejì, òun àti amọ̀ kíkúnná á dí ojú ilẹ̀ pa. Nígbà tí òjò bá dé, ilé ìyàgbẹ́ á kọ omi.

Ohun tó ń gba àwọn onílé ni kòtò kékeré tó ní yàrá mẹ́ta, tí kò bá ti ilé ìyàgbẹ́ pàdé rárá. Yanrìn á dúró ní yàrá kìíní, ọ́ìlì ní ìkejì. Gbogbo ọgbọ́n ibẹ̀ wà nínú páìpù kan tó tẹrí ba: ẹnu rẹ̀ wọ abẹ́ ọ́ìlì lọ, àárín ló ti ń mu omi lọ sí yàrá kẹta. Ó yani lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ bíríkìlà kì í fi sí i. Ṣọ́bìrì lèyí tó kù, torí yanrìn kò ní kó ara rẹ̀ jáde.

Mítà 30 ni wọ́n máa ń ní kó wà láàárín kànga àti sókàwéè. Pùlọ́ọ̀tì tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 50, tó gùn ní 100, kò sì fi bẹ́ẹ̀ gùn ju mítà 30 yẹn lọ. Bí pọ́ǹpù bá sì ti ń fà, omi inú ilẹ̀ yí kànga ká á tẹ̀ sísàlẹ̀ bí àrọ, ohun tó wà nítòsí á máa ṣàn wá síbẹ̀. Ìgbà ọyẹ́ ló le jù: eruku ń kó mọ́tò wá, kànga ń fà sẹ́yìn, pọ́ǹpù ń ṣiṣẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú, àrọ náà sì ń fẹ̀ lọ sábẹ́ sókàwéè aládùúgbò.